Ìwé Àtijọ́ Inú Kọ̀ǹpútà àti Ìtàn Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo wa, láti Igbó-Ọrà àti Èrúwà dé Ìdèrè, Lánlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Bí ẹjọ́ oyè tàbí ti ilẹ̀ bá dé, ìwé ni wọ́n ń gbé jáde. Bí a kò bá mọ ìwé ọ̀hún, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọn yóò pe ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́.

Àká orúkọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Emory, l'Amẹ́ríkà, ṣètò. Orúkọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú láàárín 1808 sí 1862 ló wà níbẹ̀, ó lé ní 91,000. Ilé ẹjọ́ Freetown àti Havana ló kọ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí etí akọ̀wé ti gbé orúkọ ló kọ ọ́, kò sì sí àmì ohùn. Ta ni yóò dá orúkọ onífá mọ̀ yàtọ̀ sí ti ológùn? Ẹni tó gbọ́ èdè ni, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ẹ wo Àjàyí Crowther náà. Òṣogùn, lápá Ìṣẹ́yìn, ni wọ́n ti mú un lẹ́rú ní 1821. Ní oṣù kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon, gbà á nínú ọkọ̀ Esperança Felix. Àmọ́ 1837 ló tó kọ lẹ́tà tó fi sọ ìtàn náà, nígbà tí ó ti di onígbàgbọ́. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́ o, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ibi tí ó dúró sí tí ó fi ń sọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìwádìí àwọn òyìnbó ìjọba tó wà ní National Archives, Ìbàdàn. Ẹnu àwọn ìjòyè àti àgbà ìlú ni wọ́n ti gbọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n kọ. Ṣé ẹ rí i? Ẹnu ló di ìwé.

Nítorí náà, kí a máa bi ìwé léèrè: ta ló kọ ọ́, ọdún wo, ta ló sọ fún un? Bí awo bá ń kifá, awo ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́. Bí ó bá ṣì í kì, wọn a dá a dúró. Ó yẹ kí a ṣe ìwé bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kọ̀ǹpútà ti láṣọ. Àkísà ń bẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà wa. Ẹ̀yin ọmọ awo tí ẹ mọ ẹ̀rọ lò, ẹ jókòó tì wọ́n nísinsìnyí tí wọ́n wà, kí ẹ ka àwọn orúkọ náà sí wọn létí.