Ìtàn Ìtọ́jú Irun Ajá Ọdẹ: Láti Etí Omi Yúróòpù dé Bomo

Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn ilé Yorùbá, ajá ni ó ń bá ọdẹ wọ inú igbó, òun náà ni ó sì ń bá a padà wá sí ẹ̀bá iná. Abájọ tí ọ̀rọ̀ ajá fi kún inú òwe àwọn àgbà. Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Wọ́n sì tún ní ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn a máa pa ọ̀bọ. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ajá kì í ṣe ẹni tí ń ké sí i nínú igbó nìkan. Òun náà ni ẹni tí ń yẹ ara rẹ̀ wò nírọ̀lẹ́, tí ń já eégbọn etí rẹ̀, tí ó sì ń yọ ẹ̀gún ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ wo ìtàn ìtọ́jú irun ajá ọdẹ, yóò rí i pé iṣẹ́ ìlera ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀ràn oge. Bomo, abúlé àgbẹ̀ tí ó wà lẹ́bàá Samaru ní Zaria, jẹ́ ibi tí ó yẹ láti ti wo ìtàn náà, nítorí pé ìgbésí ayé abúlé àti ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ti ìgbàlódé jọ ṣe aládùúgbò níbẹ̀.

Irun kúkúrú ni ajá ìbílẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá àti ti ilẹ̀ Hausa ní. Irun bẹ́ẹ̀ bá oòrùn mu, ó sì rọrùn fún ọwọ́ láti wá ohun tí ó bá sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ibi tí òtútù ti ń mú, tí àwọn ọdẹ sì ti máa ń yìnbọn pa ẹyẹ odò, irú ajá mìíràn ni wọ́n nílò. Bí pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ bá já sínú adágún, ajá ni yóò lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e wá fún olówó rẹ̀. Irun tí ó ki, tí ó sì ká mọ́ra, ni ó ń dáàbò bo awọ irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ omi tútù.

Ọ̀kan nínú wọn ni Poodle. Láti inú èdè Jámánì ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ó sì jẹ mọ́ ká máa ta omi ká. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ajá àwọn ọlọ́lá ìlú Paris, ṣùgbọ́n ajá ọdẹ inú omi ni ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gẹ irun apá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fi irun sílẹ̀ ní àyà àti ní oríkèé ẹsẹ̀, ní ìdí. Irun tí ó pọ̀ jù a máa fa omi mọ́ra, a sì máa wúwo bí ajá bá ń lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n àyà àti oríkèé kò gbọdọ̀ wà láìní ìbora nínú òtútù. Ìgbà tí àwọn ọlọ́lá gba ajá náà sínú ààfin ni ohun tí ọdẹ ṣe nítorí iṣẹ́ wá di oge.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ìbátan rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ireland, Justin McCarthy ti ìlú Dublin ni ó sọ ajá tí a ń pè ní Irish Water Spaniel di ìran tí a dá mọ̀ yàtọ̀ ní àwọn ọdún 1830. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ń fi Curly-Coated Retriever hàn níbi ìdíje ajá láti ọdún 1860. Ní Portugal, àwọn apẹja ni ó ń sin irú tiwọn, èyí tí ó máa ń bá wọn fa àwọ̀n, tí ó sì máa ń jẹ́ iṣẹ́ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀. Díẹ̀ ló kù kí ìran ajá apẹja yìí parẹ́ kí Vasco Bensaude tó gbà á là ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ó fi di ọdún 2009, ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bo, ti di ajá ilé Ààrẹ Obama ní Amẹ́ríkà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ohun tí ọdẹ ń wá lára ajá kì í ṣe omi, eégbọn ni. Àwọn àgbà pa á lówe pé eégbọn so mọ́ ayìnrín lẹ́nu, wọ́n ní kí adìẹ wá jẹ ẹ́. Adìẹ mọ̀ pé oúnjẹ ayìnrín ni òun. Ọgbọ́n ìṣọ́ra ni òwe náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ojú àwọn àgbà kò fo eégbọn lára ẹranko. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni àwọn onímọ̀ wá ṣàlàyé lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1888, Victor Babes ará Romania ṣàpèjúwe kòkòrò tíntìntín kan tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù, a sì fi orúkọ rẹ̀ pe irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ní Babesia. Eégbọn ni ó ń gbé e láti ara ẹranko kan dé ara òmíràn. Bí ó bá wọ ara ajá, a máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́: ara ajá a gbóná, inú ẹnu rẹ̀ a funfun, ìtọ̀ rẹ̀ a sì dúdú. Bí a kò bá tètè wá ìtọ́jú, ikú ni í máa ń já sí.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀lé ojú irin dé Zaria ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún bá ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tí kò bá wádìí lè rò pé ajá kò ní àyè kankan ní irú ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Súrà Al-Mā'idah, ẹsẹ 4, Kùránì gba onígbàgbọ́ láyè láti jẹ ẹran tí ẹranko ọdẹ tí a ti kọ́ bá mú fún un, bí ó bá ti dárúkọ Ọlọ́run sí i. Ìlànà Imam Mālik, ẹni tí ó kú ní ọdún 795, ni àwọn Mùsùlùmí Àríwá Nàìjíríà ń tẹ̀lé. Èrò tí ó gbajúmọ̀ nínú ìlànà náà ni pé ara ajá tí ó wà láàyè kì í ṣe ẹ̀gbin, bí wọ́n tilẹ̀ ní kí a fọ abọ́ tí ó bá ti ẹnu bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀méje. Nítorí náà, òfin kò di ọdẹ lọ́wọ́ láti yẹ ara ajá rẹ̀ wò.

Ìmọ̀ ìgbàlódé náà ti dé àdúgbò yìí. Ilé ìwádìí ìṣègùn ẹranko tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, ti wà láti ọdún 1924. Ní ọdún 1962 ni a dá Yunifásítì Ahmadu Bello sílẹ̀ ní Zaria. Láàárín àwọn ọdún 1960 náà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹranko bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas ti Amẹ́ríkà sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní Samaru, kò sì jìnnà sí Bomo.

Bí ajá onírun kíká bá wá di ará ilé ní irú àdúgbò yìí, ewu rẹ̀ ju ti ajá ìbílẹ̀ lọ. Èso koríko ẹlẹ́gùn-ún tí àwọn Hausa ń pè ní karangiya a máa lọ́ mọ́ irun rẹ̀, eruku ọyẹ́ a máa dì sí i, eégbọn a sì rí ibi sá pamọ́ sí. Ìlànà ìtọ́jú rẹ̀ nínú ilé kò le. Ìka ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ la irun náà dé awọ, kí òòyà tó tẹ̀lé e, kí omi tó dé. Nítorí pé irun tí ó ta kókó a máa le sí i bí omi bá kàn án. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kò ta ni kí a fi wẹ̀ ẹ́, kí a ṣan ọṣẹ náà kúrò pátápátá, kí a sì fi aṣọ ìnura tẹ omi rẹ̀ gbẹ, láìfi gbo irun. Etí tí ó ṣù bolẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Àlùmọ́gàjí ni a ó fi dín irun àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ kù. Irun Poodle àti ti Irish Water Spaniel kì í yé gùn, nítorí náà wọ́n ń fẹ́ gígẹ̀ lóòrèkóòrè. Ti Curly-Coated Retriever kò fẹ́ òòyà púpọ̀. A kò sì gbọdọ̀ fá èyíkéyìí nínú wọn kan awọ, nítorí oòrùn.

Eégbọn tí a bá rí, ìdí ẹnu rẹ̀ ni kí a ti dì í mú, kí a fà á jáde ní tààrà, kí a má ṣe fi èékánná tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn kan a máa fi òróró ẹ́ńjìnnì tí a ti lò pa ajá tí ara ń yún. Májèlé ni; ajá a máa lá ara rẹ̀, a sì gbé e mì.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọwọ́ tí ń kan ajá lójoojúmọ́ ni ó ń tètè mọ̀ bí ìwà rẹ̀ bá yí padà. Láti ìgbà tí Louis Pasteur ti fún ọmọdé kan tí ń jẹ́ Joseph Meister ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní oṣù keje ọdún 1885, a ti mọ̀ pé a lè dènà àìsàn dìgbòlugi, ṣùgbọ́n bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni. Ajá tí a ń tọ́jú irun rẹ̀ tí a kò gún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìdajì iṣẹ́ ni a ṣe lára rẹ̀. Ẹni tí ajá bá sì bù jẹ gbọ́dọ̀ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó tó sáré lọ sí ilé ìwòsàn.

Àwọn ọdẹ etí adágún Ireland àti àwọn ọdẹ aginjù ilẹ̀ Yorùbá kò mọ ara wọn, síbẹ̀ ẹ̀kọ́ kan náà ni iṣẹ́ wọn kọ́ wọn: ara ajá ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí a tó yin ẹwà irun rẹ̀. Ìwé ti gba ìmọ̀ ti Yúróòpù sílẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú tiwa ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà ọdẹ, pẹ̀lú orúkọ àwọn àìsàn, ewé àti òróró tí wọ́n ń lò. Bí àwọn àgbà wọ̀nyí ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń bá wọn lọ. Iṣẹ́ ńlá ni fún akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá láti tọ̀ wọ́n lọ, kí ó gbọ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí fèrè ọdẹ ṣì ń dún.