Ẹ̀kọ́ Ilé àti Ẹ̀kọ́ Ilé-Ìwé ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Kí ilé-ìwé tó dé Ilé-Ifẹ̀, a ti ń kọ́ ọmọ. Ọmọ àgbẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lóko, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fi ẹwìrì fẹ́ná, ọmọ awo sì ń kọ́ Ifá lẹ́sẹ̀ olúwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìdílé nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń jogún.

Ilé-ìwé ṣí ọ̀nà mìíràn. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí dá Odùduwà Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní 1932; ní oṣù kìn-ín-ní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, èdè àjèjì mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ máa há ohun tí kò yé wọn sórí.

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún 6 gbáko. Wọ́n mọ̀wé ju àwọn tí a yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ. Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ṣẹ́yìn wọn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe nà án nítorí Yorùbá. Bí ọlidé bá sì dé, ẹ mú un lọ sí ibi iṣẹ́ yín.