Ìyọ̀ǹda-Ara-Ẹni Àwọn Dókítà ní Ìgbà Wàhálà: Ìtàn Ìbẹ̀rẹ̀ Médecins Sans Frontières

Ìtàn Médecins Sans Frontières, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí kò ka ààlà ilẹ̀ sí, fi hàn pé ìmọ̀ iṣẹ́ àti ojú àánú nìkan kò tó láti gba ẹ̀mí là bí ètò kò bá sí nílẹ̀ ṣáájú.

Inú Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà (1967–1970) ni gbòǹgbò ẹgbẹ́ náà wà. Ní 1968, Max Récamier àti Bernard Kouchner wà lára àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn lábẹ́ Red Cross láti tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní Biafra. Nígbà tí wọ́n padà sílé, àwọn kan nínú wọn dá ẹgbẹ́ ìṣègùn pàjáwìrì sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjì òkun ṣọṣẹ́ ní Ìlà-Oòrùn Pakistan ní 1970, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan, Tonus, náà ké sí àwọn dókítà. Ìhà méjèèjì para pọ̀ ní Paris ní oṣù Kejìlá 1971.

Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ ba Managua, olú-ìlú Nicaragua, jẹ́ ní oṣù Kejìlá 1972, ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ikọ̀ wọn tó débẹ̀; ìrànlọ́wọ́ Red Cross ti ṣáájú wọn. Ní àwọn ọdún 1980 ni wọ́n wá ń to oògùn àti ohun èlò sínú àpótí sílẹ̀ de pàjáwìrì. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.