Ìtàn Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọ̀sà

Ẹni tí ó bá dúró ní Àdó, lẹ́bàá Ajah, tí ó kọjú sí àríwá, ọ̀sà Èkó ni yóò rí. Àwọn àgbà lè sọ ìtàn bí a ti tẹ ìlú dó. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìtàn omi fúnra rẹ̀? Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí yìnyín bo apá púpọ̀ ní àríwá ayé, òkun fi nǹkan bí 120 mítà lọ sílẹ̀ ju ti òní lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ibi tí a ń pè ní ọ̀sà nígbà náà.

Ẹrẹ̀ ni òpìtàn omi. Ohun tí afẹ́fẹ́ àti odò bá gbé wá, ìsàlẹ̀ omi ni í rọ̀ sí, ti àtijọ́ nísàlẹ̀, ti ìsinsìnyí lókè. Àwọn onímọ̀ a ti ọ̀pá oníhò bọ inú rẹ̀, wọn a sì fa ẹrẹ̀ náà yọ bí ìgbà tí a ń yọ mùdùnmúdùn nínú eegun. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ irú igi tí ó hù láyé ọjọ́un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébísí Sówùnmí ti Yunifásítì Ìbàdàn yẹ irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ wò ní Ahanve, ní agbègbè Àgbádárìgì, ó sì rí i pé àwọn igi etí omi iyọ̀ tí gbòǹgbò wọn ń yọ sókè pòórá níbẹ̀ ní nǹkan bí 3,100 ọdún sẹ́yìn.

Adágún Bosumtwi ní Ghana ni ó sọ̀rọ̀ jù lọ. Òkúta tí ó já láti ojú ọ̀run ni ó gbẹ́ kòtò rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù ọdún kan sẹ́yìn. Omi rẹ̀ kò ṣàn lọ síbì kan. Òjò ní ń mú un kún, ọ̀dá ní ń fà á. Ẹrẹ̀ rẹ̀ tò ní ìpele tín-ín-rín, ọdún kan, ìpele kan. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2009 fi hàn pé ọ̀dá líle kan mú láti nǹkan bí 1400 títí dé nǹkan bí 1750, èyí tí ó ju ọ̀dá Sàhẹ́lì ayé òde òní lọ. Àní, òkú igi tí ó hù nígbà tí omi fà ṣì dúró nínú adágún náà.

Inú sáà yìí kan náà ni Ọ̀yọ́ gbilẹ̀. Kò tọ́ kí á sáré sọ pé ọ̀dá ni ó fà á, nítorí Bosumtwi jìnnà sí Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó kọ̀wé nípa ogun àti ìṣíkiri, tí kò bèèrè bí òjò ti rọ̀ sí, kò tíì kọ ju ìdajì lọ.

Ní ọ̀sà Èkó, wọ́n ń fa iyanrìn láti fi di àbàtà fún ilé kíkọ́. Ẹ̀rọ tí ń fà á kì í ya ẹrẹ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ti àná. Ibi tí ó bá sì ti gbà kọjá, ìpele kò sí níbẹ̀ mọ́.