Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Ìtàn Ìfòfinde Twitter ní Nàìjíríà

Àwọn òṣèré dàdàkúàdà ní ìlú Ìlọrin a máa yin ọlọ́lá, wọn a sì máa fi orin bá aláṣejù wí. Àwọn àgbà fàyè gbà wọ́n, wọ́n ní ọba kì í pọ̀kọrin. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni yóò fọ́. Òwe kìíní ń dáàbò bo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Òwe kejì ń kìlọ̀ fún un. Ibi tó yẹ kí ìjọba dúró sí láàrin òwe méjèèjì ti di àríyànjiyàn láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn.

Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend dá ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1903, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ní Èkó pé ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ ìwé ìdúró £250. Òfin ọdún 1909 tún fìyà sílẹ̀ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lè mú aráàlú kórìíra ìjọba. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n àṣà náà kò kú. Ní 1984, ìjọba ológun Muhammadu Buhari gbé Òfin Kẹrin jáde láti fìyà jẹ oníròyìn tó bá kọ irọ́ tàbí ohun tó lè tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, oníròyìn The Guardian, ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìjọba tó gbapò ní 1985 ló pa òfin náà rẹ́.

Buhari padà wọlé gẹ́gẹ́ bí ààrẹ alágbádá ní 2015. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021, ó fi ìrírí ogun abẹ́lé halẹ̀ lórí Twitter mọ́ àwọn tó ń ba dúkìá ìjọba jẹ́ ní gúúsù ìlà-oòrùn. Lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ Twitter pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà ni iléeṣẹ́ ètò ìròyìn kéde pé ìjọba ti dá Twitter dúró. Ọmọ Kwara, Lai Mohammed láti ìlú Oro, ni mínísítà ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé àwọn kan ń lo ìkànnì abẹ́yẹfò náà fún ohun tó lè tú Nàìjíríà ká. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé orí Twitter kan náà ni wọ́n ti ṣe ìkéde ọ̀hún! Kò sì sí ẹni tó gbàgbé pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ EndSARS ti pariwo ní oṣù kẹwàá ọdún 2020.

Láti ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ni àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù ti ìkànnì náà pa. Agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n gbé ẹni tó bá ṣì ń lò ó lọ sílé ẹjọ́. Oníṣòwò tó ń polówó ọjà níbẹ̀ pàdánù oníbàárà. Àwọn ọ̀dọ́ sì sá sábẹ́ VPN, èyí tó ń mú kí ó dà bí ẹni pé orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n wà. Ọjọ́ 222 ni ilẹ̀kùn náà fi wà ní títì, títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022, nígbà tí ìjọba ní iléeṣẹ́ náà ti gbà láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì máa san owó orí.

Ẹgbẹ́ SERAP àti àwọn mìíràn ti gba ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Àbújá lọ. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ìdádúró yẹn kò bá òfin mu, ó sì tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú mọ́lẹ̀.

Nàìjíríà nìkan kọ́ ló dá a láṣà. China ti ti Twitter pa láti 2009. Ní Cameroon, ọjọ́ 93 ni àwọn agbègbè tó ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì fi wà láìní íntánẹ́ẹ̀tì ní 2017. Ọdún yẹn náà ni Tógò gé e, ilé ẹjọ́ ECOWAS sì dá a lẹ́bi ní 2020. Ní orílẹ̀-èdè Benin, tí àwọn ọmọ Yorùbá wà, ọjọ́ ìdìbò gan-an, 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ni íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé irọ́ orí ayélujára kì í ṣe ewu. Ní ìlú tí ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi jọ ń gbé bí Ìlọrin, irọ́ kan ṣoṣo tó nǹkan tí í dá ìjà sílẹ̀. Abala 39 ìwé òfin ọdún 1999 fún ọmọ Nàìjíríà ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Abala 45 sì gbà kí òfin fi ààlà sí i. Òfin ni ó wí, kò wí pé àṣẹ ẹnu lásán. Ẹni tó bá purọ́ ni kí a pè lẹ́jọ́, kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ní 2021, ìjọba ni olùpẹ̀jọ́, òun náà ni adájọ́, gbogbo ará ìlú ló sì jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ìwọ̀nba ènìyàn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.