Bí Ọmọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà: Ọ̀rọ̀ Alùpùpù Honda ní Ọjà Sabon Gari

“Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.” Àwọn baba wa tí wọ́n pa òwe yìí kò fi àkísà ṣe ẹ̀gàn, bí ẹni tí kò fara balẹ̀ ṣe lè rò. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé owó lè ra aṣọ tuntun ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àkísà kò sí ní ìsọ̀ ẹnikẹ́ni, àfi kí ènìyàn ra aṣọ, kí ó wọ̀ ọ́ lọ sí oko, kí ó wọ̀ ọ́ lọ sí àjò, kí oòrùn pa á, kí òjò pa á, kí ọdún gorí ọdún títí aṣọ náà yóò fi gbó mọ́ ọn lára. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ òwò kan tí ó kan ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Sabon Gari ti Kano, èyíinì ni ọ̀rọ̀ àgbà ilé-iṣẹ́ alùpùpù kan tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì létí ẹnikẹ́ni, tí àwọn ọmọdé tí wọ́n ti Ṣáínà àti Íńdíà wá sì gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí á sì wádìí bóyá àkísà àgbà náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí ẹlòmíràn ti jogún rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó ni ín ṣì wà láàyè.

Kò yẹ kí á wọ Sabon Gari láìkí onílé. Kano, ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kì ní ikùn erin nítorí pé kò sí ohun tí a kó wọ inú rẹ̀ tí kò gbà, ti jẹ́ ìlú òwò kí òyìnbó tó dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ojú irin dé ibẹ̀ ní 1911, tí ìjọba amúnisìn sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn àlejò tí wọ́n tẹ̀lé ojú irin náà wá, ni Sabon Gari bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrú, tí àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tí wọ́n mọ ọ̀nà àjò bí ẹni mọ ilé, àti àwọn Ìgbò àti àwọn ẹ̀yà Gúúsù mìíràn dó síbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn Hausa ti dó sí Sábó ní Ìbàdàn. Láyé ìgbà tí ẹ̀pà wà lójú ọpọ́n, tí wọ́n ń to àpò rẹ̀ jọ ní Kano títí yóò fi ga bí òkè, owó ẹ̀pà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Nígbà tí owó epo rọ̀bì sì dé, tí ìgbìmọ̀ Udoji fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní nǹkan bí 1974 sí 1975, ẹni tí ń gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sórí alùpùpù. Láti ìgbà náà ni Honda, Yamaha, Suzuki àti Vespa ti di orúkọ tí ọmọdé pàápàá lè pè.

Kí Honda tó di àgbà, àgbà mìíràn ti jókòó sórí àga náà. BSA ti ìlú Birmingham, tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn dá sílẹ̀ ní 1861, ni a ń kà sí ọ̀gá láàárín àwọn tí ń ṣe alùpùpù ní gbogbo ayé ní nǹkan bí 1950 sí 1960, nígbà tí Soichiro Honda, tí ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Japan ní 1948, ṣì ń ṣe alùpùpù kéékèèké tí àwọn ọ̀gá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kà sí. Nígbà tí ó gbé Super Cub jáde ní 1958, àwọn àgbà Birmingham fi alùpùpù kékeré sílẹ̀ fún un, wọ́n ní ńlá ni tàwọn. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àárín, wọ́n tún fi àárín sílẹ̀. Nígbà tí ó sì ṣe ńlá, kò sí ibi tí wọ́n tún lè sún sí mọ́. BSA wó ní 1973. Ìwádìí tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n ṣe, tí ó jáde ní 1975, fi hàn pé èrè ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ náà ń lé, tí wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọjà títà sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ pé bí ọjà tí òun ń ṣe bá ti ń pọ̀ sí i ni owó tí ń lọ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò máa dín kù. Super Cub tí wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú náà ti lé ní mílíọ̀nù 100 ní 2017. Kò sí alùpùpù mìíràn tí ó tó bẹ́ẹ̀.

Ní 1979 ni Honda dá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1981. Ibẹ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí Honda ti ṣe alùpùpù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ṣáájú Ọ̀tà ni ohun tí mo ń pè ní àkísà rẹ̀ ti hàn, nínú alùpùpù CG125 tí ó jáde ní nǹkan bí 1976. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà ṣàkíyèsí pé ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa, ẹni tí ó ra alùpùpù kì í sábà pààrọ̀ ọ́ìlì lásìkò, pé eruku ojú ọ̀nà a máa wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ, pé baba, ìyá, ọmọ àti ẹrù lè gùn ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àti pé mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ dájú kì í sí nítòsí. Wọn kò tìtorí èyí dá oníbàárà lẹ́bi. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n tún rò láti ìpìlẹ̀, tí wọ́n yọ ṣéènì inú rẹ̀ tí ń nà tí ó sì ń béèrè àbójútó kúrò, tí wọ́n fi ọ̀pá irin tí ń ti fáàfù dípò rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà lè fara da ìyà. Ẹ wo bí ìrẹ̀lẹ̀ ti pọ̀ tó nínú ọgbọ́n yìí, pé ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́ lọ wo bí ẹni tí kò ní owó ṣe ń lo nǹkan, kí ó tó wá mọ nǹkan náà ní ìwọ̀n rẹ̀. Ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ìwé nìkan wá. Ọdún gígùn nínú iṣẹ́ ni ó ń bí i, òun sì ni àwọn baba wa ń pè ní àkísà.

Ìpọ́njú ọjà kò pẹ́ kí ó tó dé. Owó epo rọ̀bì já, ìjọba fún ọwọ́ mọ́ owó ilẹ̀ òkèèrè láti 1982, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí a ń pè ní SAP sì dé ní 1986, náírà tí ó ti ju dọ́là lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bí ẹja. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń fi dọ́là ra páàtì kí ó tó lè to alùpùpù pọ̀ kò lè ṣe kí iye owó rẹ̀ má gòkè, owó oṣù tíṣà tàbí akọ̀wé kò sì tẹ̀lé e. Àwọn ènìyàn yà sí tòkunbọ̀. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn sì sọ alùpùpù di ohun àtijẹ, tí a ń pè wọ́n ní ọlọ́kadà níhà tiwa, tí Kano ń pe iṣẹ́ wọn ní achaba. Ìgbà yìí gan-an ni ohun tí oníbàárà ń fẹ́ yí padà. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ra Honda ń ra ọlá pẹ̀lú. Ọlọ́kadà ń ra ẹ̀rọ tí yóò dá owó rẹ̀ padà kíákíá, tí iye owó tí yóò fi rà á kò sì ní pa ẹbí rẹ̀.

Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí 2000, Ṣáínà dé. Jincheng AX100, tí a ṣe sí àwòrán Suzuki AX100, kún ọ̀nà láti Kano dé Ìbàdàn. Àwọn orúkọ mìíràn tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń lo ẹ́ńjìnnì olówó pọ́ọ́kú sì ń lo ẹ́ńjìnnì tí a ṣe àdàkọ rẹ̀ láti ara CG125. Níhìn-ín ni òwe wa ti fẹ́ máa yí padà lójú wa. Àwọn baba ní ọmọdé kò lè ní àkísà bí àgbà, ṣùgbọ́n ọmọdé tí ó bá lè ka ojú rírán aṣọ àgbà, tí ó sì rán irú rẹ̀, ti gbé àkísà náà wọ̀ láìfi ọdún kan ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹni tí ń ta páàtì rí i pé píṣítíìnì, ríìngì àti kíláàṣì àdàkọ lè bá ara wọn mu. Mẹkáníìkì tí ó ti mọ Honda ní òru tí ó sì mọ̀ ọ́n ní ọ̀sán kò ní láti kọ́ iṣẹ́ tuntun kí ó tó lè tú alùpùpù Ṣáínà. Àgbà ni ó kọ́ ọjà lẹ́kọ̀ọ́, ọmọdé ni ó wá ń jẹ èrè ẹ̀kọ́ náà. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni ohun tí onílé ṣe.

Honda kò káwọ́ gbera, kò sì ṣe bí BSA. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, ó bá ilé-iṣẹ́ kan tí ń ṣe àdàkọ ọjà rẹ̀ da òwò pọ̀ ní 2001, tí orúkọ rẹ̀ di Sundiro Honda. Ní Vietnam, níbi tí àdàkọ ti gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́, ó gbé Wave Alpha jáde ní 2002 ní owó tí ó rẹlẹ̀ gan-an sí ti àtijọ́, ọjà náà sì padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní Nàìjíríà ó tẹ̀lé ipa ọ̀nà kan náà ní 2011, nígbà tí ó ti Ọ̀tà gbé Ace CB125 jáde ní nǹkan bí 100,000 náírà, tí ó kó páàtì rẹ̀ wá láti Ṣáínà kí iye owó lè bá ti àwọn ọmọdé dọ́gba. Ìpinnu náà dára, mo sì gbóríyìn fún un, ṣùgbọ́n ó pẹ́ dé, nítorí pé Bajaj Boxer ti Íńdíà ti ń jókòó sí àárín ọjà ná, alùpùpù tí kò ná ọlọ́kadà ní epo púpọ̀, tí páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Nàìjíríà sì wá di ọjà tí ó tóbi jù fún Bajaj lókè òkun.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ilé-iṣẹ́ kankan kò lè fi ọgbọ́n ẹ̀rọ borí, òun ni ọ̀rọ̀ àṣẹ. Ní oṣù kìíní 2013, lẹ́yìn tí àwọn oníbọn kọlu Ado Bayero, Emir ìlú Kano, àti àwọn tí wọ́n ń tẹ̀lé e, ìjọba Kano fi òfin de achaba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, iṣẹ́ tí àìmọye ọ̀dọ́ fi ń jẹun dópin ní ìlú tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Èkó fi òfin tirẹ̀ de ọ̀kadà ní ọ̀pọ̀ agbègbè ní 2020, ó sì tún fẹ̀ ẹ́ lójú ní 2022. N kò ní jiyàn lórí ìdí tí ìjọba fi ṣe é, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ju òwò lọ. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé kíyè sí ni ibi tí owó náà gbà: àwọn èrò bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí Kano ń pè ní a daidaita sahu, Bajaj àti TVS ti Íńdíà ni wọ́n sì ń ṣe kẹ̀kẹ́ náà. Ẹni tí ó pàdánù lórí ẹsẹ̀ méjì jèrè lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n Honda kò ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò fi dí àlàfo náà. Ìdájọ́ tèmi ni pé àìní yìí pa á lára ju àdàkọ Ṣáínà lọ.

Síbẹ̀, àwọn ọmọdé náà kò ti bọ́. Nígbà tí náírà tún ṣubú láti oṣù kẹfà 2023, tí dọ́là kan tí kò tó 500 náírà lójú ìjọba kọjá 1,400 kí ọdún tí ó tẹ̀lé e tó jìnnà, títà Bajaj pàápàá ní Nàìjíríà dín kù. Ẹ̀ẹ̀mejì, ní 1986 àti 2023, ohun kan náà ni ó bá àgbà àti ọmọdé jà, nítorí pé ẹni tí ń to páàtì tí a fi dọ́là rà, dọ́là ni ó ń tà. Nítorí náà ni ìtàn Royal Enfield fi yẹ kí ó wà lọ́kàn wa. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí gbé alùpùpù àkọ́kọ́ jáde ní 1901. Ní 1955 ó bá àwọn ará Madras dá ẹ̀ka sílẹ̀ láti máa to alùpùpù rẹ̀ tí ń jẹ́ Bullet fún àwọn ọmọ ogun Íńdíà. Kí ó tó di 1962, gbogbo páàtì rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Íńdíà. Ìyá kú ní England ní nǹkan bí 1970, ọmọ ní Madras kò kú, òun sì ni ó ń jẹ́ orúkọ náà fún gbogbo ayé lónìí. Ohun tí ó gbà á là ni pé wọ́n kọ́ bí a ti ń ṣe páàtì, wọn kò dúró lórí títò nìkan.

Àwa náà kò ṣaláìní irú rẹ̀. Olóyè Timothy Adéọlá Ọdútọ́lá ti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ Nàìjíríà ní 1971, dá ilé-iṣẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láti inú èrè òwò. Innocent Chukwuma ti Nnewi bẹ̀rẹ̀ lórí páàtì alùpùpù, ó wá ń kó alùpùpù Ṣáínà wọlé ní títú kí àpótí ẹrù kan lè gba púpọ̀, lẹ́yìn náà ó dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun oníke sílẹ̀ ní Enugu, kí ó tó wá máa ṣe ọkọ̀ ní Nnewi. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Kano sì sọ pé alágbẹ̀dẹ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kano, ọmọ Gaya, wá sí òkè Dala láti wá òkúta irin. Orúkọ ọmọ Ògún ni ìlú náà ń jẹ́ títí di òní.

Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin oníṣòwò Sabon Gari, ẹ̀yin tí ẹ ń ta páàtì ní Enugu Road, ní New Road àti ní àyíká ọjà, Yorùbá, Ìgbò àti Hausa: ẹ yọ díẹ̀ nínú èrè yín, kí ẹ parapọ̀ ra ẹ̀rọ, kí ẹ wá àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn mọ irin, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ń gbó kíákíá, bí ṣúù bíréèkì, okùn kíláàṣì àti sípókò. Kí ìjọba Kano àti ìjọba àpapọ̀ fún irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní iná tí kì í lọ àti ẹ̀yáwó tí èlé rẹ̀ kò ní pa á. Kí Honda ní Ọ̀tà náà, tí ó ti wà láàárín wa fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún, wá bá wọn ní Kano, kí ó fi ọgbọ́n CG125 rẹ̀ kọ́ wọn kí àdàkọ tó kọ́ wọn.