"His" Kọ́ Ló Bí 's

Ó tún ti dé. Nínú fídíò kan tí wọ́n ń pín kiri, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan kọ "the king's crown" sójú pátákó, ó ní "the king his crown" ni àwọn ará àtijọ́ ń wí, pé ìkánjú ló gé "his" kù sí 's. Àwọn ọmọ kíláàsì pàtẹ́wọ́.

Òótọ́ ni pé wọ́n kọ "his" bẹ́ẹ̀ rí. Ó wà nínú orúkọ eré Ben Jonson, Sejanus His Fall, ó sì wà nínú ìwé àdúrà Ṣọ́ọ̀ṣì England ti 1662. Joseph Addison tún gbé èrò pé "his" ló di 's lárugẹ nínú The Spectator ní 1711. Samuel Johnson já a nírọ́ ní 1755: bó bá jẹ́ "his" ni, báwo ni obìnrin ṣe ní "woman's"? Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Kò tán, bóyá torí pé inú ìwé atúmọ̀-èdè tó wúwo bí ọlọ ló kọ ọ́ sí.

Ẹ̀rí tó dáa jù wà lára kàlẹ́ńdà tí èèyàn gbé kọ́ ògiri.

Ẹ wo Tuesday, Wednesday àti Thursday. Ọjọ́ Tiw, ọjọ́ Woden, ọjọ́ Thunor: òrìṣà ọkùnrin ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, s tó wà láàárín ló ń sọ pé àwọn ló ni ọjọ́ náà. "Wodnesdæg" ni wọ́n ń kọ ní ohun tó lé ní 1000 ọdún sẹ́yìn, kò sí "his" kankan níbẹ̀. Ẹ wá wo Friday, ọjọ́ Frig, òrìṣà obìnrin. S dà?

Ẹlòmíì á fò sókè: "Ẹ ò rí i, ọkùnrin nìkan ló ní s!" Ó tì o. Ìsọ̀rí tí ọ̀rọ̀ wà ló ń yan ìparí fún un nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. "Wif", ìyẹn obìnrin, a di "wifes" bó bá ní nǹkan. "Hlæfdige", tó wá di "lady", kò gba s ní tirẹ̀; ìdí nìyẹn tí ọjọ́ Màríà, 25 oṣù kẹta, fi ń jẹ́ Lady Day títí dòní.

Ẹ wo bí "-es" inú "wifes" yẹn ṣe di 's. Òkúta kan, "stan"; ti òkúta, "stanes"; òkúta púpọ̀, "stanas". Nígbà tó yá, ahọ́n lọ fáwẹ̀lì ìparí wọn pọ̀, "-es" sì di ti méjèèjì. Ìyẹn ni etí kò fi lè mọ "stones" yàtọ̀ sí "stone's". Àmì kékeré tó ń yà wọ́n lórí ìwé, ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló tó wọ Gẹ̀ẹ́sì.

Níbo wá ni "his" ti wọlé? Bí èèyàn bá ń yára sọ̀rọ̀, h rẹ̀ a máa pòórá, ìró rẹ̀ a sì dà bí ìparí yẹn. Etí tan òǹkọ̀wé jẹ. Àmọ́ nǹkan kan kù. Nínú "the King of England's daughter", ọba ló bí ọmọ, ara England ni s lọ lẹ̀ mọ́. Ìparí ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í fò báyẹn. Ṣé "his" tí wọ́n ń kọ lọ́tọ̀ ló kọ́ s láti rìn jìnnà sí ọ̀rọ̀ tó ni ín? Ẹni tó bá fẹ́ gbèjà "his", ibẹ̀ ni kó gbà lọ. Kó fi adé ọba sílẹ̀.